Accum, ọkùnrin tó tú àṣírí àwọn tó ń po májèlé mọ́ oúnjẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí bébà tí owó ẹ̀ ò pé ṣílè méjì tó lé e kúrò nílùú

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí wàràkàṣì. Ọkùnrin kan sọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n bá òun yan wàràkàṣì fún oúnjẹ alẹ́. Kò pẹ́ tó jẹ ẹ́ tán ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ara ẹ̀ yá, ó tún jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, inú tún gbé e. Nígbà tó fẹjọ́ sùn, inú bí ìyá olótẹ́ẹ̀lì, ó ní ọjà òun dáa. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ló wá jẹ́wọ́ pé ọmọ ológbò kan tó jẹ èèpo wàràkàṣì yẹn ṣàìsàn gidi. Wọ́n gbé e lọ fún onímọ̀ kẹ́místírì pé kó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Òjé ló bá níbẹ̀.

Báwo ni òjé ṣe dénú wàràkàṣì? Ìyá yẹn rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ṣe é ní annatto, ìyẹn aró pupa tí wọ́n ń rí lára èso igi kan, lòun fi kùn ún kó lè pọ́n, gbogbo èèyàn ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Annatto yẹn ò dáa tó, nítorí náà ẹni tó ń tà á ti fi àwọ̀ pupa mìíràn lù ú. Ẹni tó ta àwọ̀ pupa náà ní tiẹ̀ ti po òjé pupa mọ́ ọn, torí ó rò pé àwọn tó ń kun ilé ló máa lò ó. Ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kálukú kàn wá èrè díẹ̀ kún èrè ni.

Inú ìwé tí Friedrich Accum gbé jáde lọ́dún 1820 ni ìtàn yìí wà. Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ fi ìwé kan gbogbo orílẹ̀-èdè láyà lórí ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ìlú Bückeburg ní Jámánì ni wọ́n bí i sí, ní March 29, 1769. Ó ṣì kéré jọjọ nígbà tí bàbá ẹ̀, tó ń se ọṣẹ, kú. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ apòògùn lọ́dọ̀ ìdílé Brande, àwọn tó ń po oògùn fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ wọn náà ló sì wà nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1793. Kò pẹ́ tó fi dá dúró. Ó gba ilé kan ní Old Compton Street, ládùúgbò Soho. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kẹ́místírì, ibẹ̀ náà ló ti ń ta kẹ́míkà àti ohun èlò láàbù. Kódà, ó ń ta àpótí kékeré kan tí gbogbo ohun téèyàn fi ń ṣe àyẹ̀wò wà nínú ẹ̀, tí wọ́n lè gbé kiri. Benjamin Silliman, tó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místírì ní Yale, wà lára àwọn oníbàárà ẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó tún ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní Royal Institution gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú láàbù. Ẹ fi orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn sọ́kàn o, a ṣì ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Oníwàásù kẹ́místírì ni ká pè é. Kò gbà pé ìmọ̀ yẹn jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó wà lára àwọn tó jà fitafita kí iná gáàsì tó dé òpópónà Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ ìwé lórí ẹ̀ lọ́dún 1815. Ṣùgbọ́n ìwé 1820 yẹn ló jà bí àrá. Ó ya okùn aláǹtakùn àti agbárí òkú sí iwájú ẹ̀, ó wá kọ igbe táwọn ọmọ wòlíì ké sí Èlíṣà nínú Bíbélì, pé ikú wà nínú ìkòkò, síbẹ̀. Láàárín oṣù kan péré, ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà tán lórí àtẹ.

Kí ló wà nínú ẹ̀? Àwọn oníbúrẹ́dì ń fi álọ́ọ̀mù sínú ìyẹ̀fun tí ò dáa kí búrẹ́dì lè funfun. Àwọn tó ń ta tíì ń ṣa ewé igi ẹ̀gún létí ọgbà, wọ́n á yan án, wọ́n á fi ìpẹtà bàbà kùn ún kó lè tutù yọ̀yọ̀. Súìtì ọmọdé, òjé pupa àti bàbà ló ń fún un láwọ̀. Ata oníhóró dúdú, mọ̀lẹ́bí iyèré tiwa yẹn, amọ̀ àti pàǹtírí èso tí wọ́n ti fún òróró kúrò lára ẹ̀ ni wọ́n ń ṣù tí wọ́n ń dà mọ́ ọn.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn bàbá yìí ni pé kò kàn pariwo lásán. Ó kọ́ ìyàwó ilé bó ṣe máa mú olè fúnra ẹ̀. Da ata yẹn sínú omi: ojúlówó á dúró gbọin, ayédèrú á fọ́ di ẹrẹ̀. Rẹ ewé tíì, kó o tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó o wo ìrísí ẹ̀. Tó o bá fura pé bàbà wà nínú ẹ̀, gbọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ amóníà nínú ìgò kékeré. Tómi yẹn bá di búlúù, wọ́n ti mú un. Ti òjé nínú wáìnì le díẹ̀, ó fẹ́ gáàsì tó ń wá látinú imí ọjọ́. Wọ́n á jẹ́ kó wọ inú omi, wọ́n á ro omi yẹn sínú wáìnì, tí òjé bá wà níbẹ̀, á dúdú. (Ọjọ́ tí wọ́n ṣe gáàsì yẹn fún wa ní láàbù nígbà tí mo wà ní poli, gbogbo kíláàsì ló sá síta. Bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ń rùn.) Ẹ̀rọ òde òní lè rí ohun tó kéré ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń bi oúnjẹ ò yí padà. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ nípa àwọn tó ń fi àwọ̀ tí wọ́n ń po mọ́ pólíìṣì bàtà sínú epo pupa kó lè pọ́n, á mọ̀ pé àwọn oníwàràkàṣì yẹn ò tíì kú tán.

Accum tún ṣe ohun kan tó léwu. Ó dárúkọ. Àwọn oníṣòwò tílé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, ó to orúkọ wọn síbẹ̀, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà tí ò lórúkọ halẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ẹ̀dà kejì, tó jáde lọ́dún yẹn kan náà, ó ní òun gbọ́ ìhàlẹ̀ wọn, òun ò sì ní dákẹ́.

Ká tó parí ọdún yẹn, wàhálà dé. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Royal Institution ṣàkíyèsí pé ojú ewé ń sọnù nínú ìwé tí Accum bá kà. Wọ́n lu ihò sára ògiri, wọ́n ń yọjú wò ó látìyàrá kejì. Ní December 20, 1820, wọ́n ní àwọn rí i tó fa ojú ewé kan ya lára ìwé tó ń sọ nípa ṣokoléètì. Àwọn ọlọ́pàá lọ yẹ ilé ẹ̀ wò, wọ́n bá àwọn ojú ewé tó já níbẹ̀. Adájọ́ májísíréètì ní ojú ewé tó ti kúrò lára ìwé ò ju bébà lásán lọ, ó ní kó máa lọ sílé. Àwọn ọ̀gá Royal Institution ò gbà. Wọ́n tún gbé ẹjọ́ mìíràn dìde, pé ó jí bébà tí owó ẹ̀ ò pé ṣílè méjì.

Mi ò ní purọ́ fún yín: ó jọ pé lóòótọ́ ló ń fa ìwé ya. Ìwà burúkú ni, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ń fi olè hàn fáráyé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n ẹ̀. Ẹni tó fi òjé sínú súìtì ọmọdé á san owó ìtanràn, á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó fa bébà ya, gbogbo ìlú ló ń lé e bí ẹran ìgbẹ́. Inú àwọn tó ti dárúkọ wọn á dùn dénú egungun.

Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dúró fún un ní béèlì. Ọ̀kan nínú wọn ni Ackermann, tó tẹ ìwé iná gáàsì ẹ̀ jáde. Nígbà tọ́jọ́ ẹjọ́ pé ní April 1821, Accum ò yọjú. Ó ti sá padà sí Jámánì. Ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin, ibẹ̀ ló kú sí ní June 28, 1838.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tó fi sílẹ̀, ìtìjú ẹ̀ bo ìwé ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn oníjìbìtì mí kanlẹ̀, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọdún 1851 ni dókítà kan, Arthur Hill Hassall, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi maikiroskóòpù yẹ oúnjẹ wò, tí ìwé ìròyìn The Lancet sì ń gbé èsì ẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó tà á. Lọ́dún 1858, nǹkan bí 20 èèyàn kú ní Bradford torí súìtì tí ásẹ́níìkì wọ inú ẹ̀ ní àṣìṣe. Ọdún 1860 ni ilé aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣòfin lórí àbùlà oúnjẹ, Accum ti lo ọdún 22 nínú ilẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo tó gbé jáde ní Berlin, lọ́dún 1826, orí ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé ló dá lé. Kò dárúkọ oníṣòwò kankan mọ́.