Jón Steingrímsson: Àlùfáà Tó Kọ Ìtàn Iná Sílẹ̀

Orúkọ ni mo ń wá kiri nígbà tí mo bá ọkùnrin yìí pàdé. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn èdè kan ṣe ń fi orúkọ bàbá ṣẹ̀dá orúkọ ọmọ, mo sì fẹ́ àpẹẹrẹ láti orílẹ̀-èdè Iceland. Níbẹ̀, Steingrímsson kì í ṣe orúkọ ìdílé bí irú èyí tí à ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ọmọ Steingrímur ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jón gan-an ni orúkọ rẹ̀, Jón náà ni àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń pè é. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú kúrò níbẹ̀, àmọ́ odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ka ìtàn rẹ̀.

Ọdún 1728 ni wọ́n bí Jón ní agbègbè Skagafjörður, lápá àríwá Iceland. Abẹ́ ọba Denmark ni erékùṣù náà wà nígbà yẹn. Ó kàwé ní Hólar, ó sì di díákónì ní Reynistaður. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún un. Ó fẹ́ opó kan tó ń jẹ́ Þórunn Hannesdóttir, ṣùgbọ́n oyún ti wà kí ìgbéyàwó tó wáyé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kò tán lórí wọn. Lọ́dún 1755, ó kó lọ sí apá gúúsù. Ọdún yẹn gan-an ni Katla, òkè ayọnáyèéfín kan tó wà lápá ibẹ̀, bú gbàmù. Ó dáko, ó pẹja, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn débi pé àwọn aláìsàn ń wá a wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í joyè àlùfáà. Nígbà tó di 1778, ó ti wà ní Síða, ó ń bójú tó ìjọ Kirkjubæjarklaustur.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1783, Sunday Pẹ́ńtíkọ́sì, ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ kedere. Àfi bí ìkùukùu dúdú kan ṣe yọ láti àríwá, tó bo ilẹ̀, tí eérú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ilẹ̀ ti ya ní Laki. Ìlà tó là ju kìlómítà ogún lọ ní gígùn, ihò tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló sì ń tú iná jáde lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni iná náà fi jó, títí di oṣù Kejì ọdún 1784. Òkúta yíyọ́ tó ṣàn jáde bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta kìlómítà níbùú lóòró, ó gbé oko mì, ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì mì.

Ọjọ́ 20 oṣù Keje ni wọ́n fi ń rántí Jón jù lọ. Iná ti ń ṣàn bọ̀ nínú àfonífojì odò Skaftá, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó kó ìjọ jọ, ó ṣe ìsìn tí gbogbo wọn rò pé òun ni ìkẹyìn nínú ilé náà. Nígbà tí wọ́n jáde, tí wọ́n lọ wo ibi tí iná dé, wọ́n rí i pé ó ti dúró, ó ń wọ́ jọ lé ara rẹ̀ lórí lójú kan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní àlùfáà iná. Omi odò tó ya lu iná náà ló tutù ú, bí àwọn onímọ̀ ṣe wí. Jón ní tirẹ̀ kò ṣiyèméjì nípa Ẹni tó dá iná dúró.

Iná dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò dúró. Èéfín imí-ọjọ́ àti májèlé tí wọ́n ń pè ní fluorine balẹ̀ sórí koríko. Eyín àti egungun ẹran bà jẹ́, ẹsẹ̀ wọn wú. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àgùntàn Iceland ló kú, àti bí ìdajì màlúù. Ebi wá dé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló bá a lọ ní gbogbo erékùṣù náà. Jón ń sìnkú, ó ń tọ́jú aláìsàn. Lọ́dún 1784, Þórunn náà kú.

Ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ àpótí owó ṣẹlẹ̀. Ìjọba fi owó ìrànlọ́wọ́ rán an, wọ́n fi èdìdì dì í, kí ó fi jíṣẹ́ fún aláṣẹ agbègbè. Lójú ọ̀nà, àwọn tí ebi ń pa pàdé rẹ̀. Ó já èdìdì náà, ó fún wọn nínú rẹ̀ kí wọ́n lè ra ẹran ọ̀sìn. Òfin mú un. Ó san owó ìtanràn, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọkàn mi kò kúrò níbí. Tí ó bá dé ọ́fíìsì kí ó tó pín owó náà, bóyá èèyàn díẹ̀ ni ì bá kù láti gbà á. Síbẹ̀, tí gbogbo ẹni tí a fi owó rán bá ń já èdìdì, a mọ ibi tí yóò já sí. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Ìpalára Laki kò mọ sí Iceland. Imí-ọjọ́ tó gòkè di ìrì kíkan kéékèèké tó ń dá ìtànṣán oòrùn padà. Ẹni tó bá mọ bí ọyẹ́ ṣe ń sọ oòrùn di pupa rúsúrúsú yóò ní òye díẹ̀, àmọ́ ti wọn kì í ṣe eruku, inú ẹ̀ẹ̀rùn ooru ni ó sì bo Yúróòpù. Òtútù tó tẹ̀ lé e le gan-an. Benjamin Franklin, tó wà nílẹ̀ Faransé nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rò ó pé iná Iceland lè wà nídìí rẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti fi hàn pé irú ìtutù bẹ́ẹ̀ lókè àríwá máa ń sọ òjò wa di ahẹrẹpẹ. Odò Náílì kò kún tó lọ́dún 1783 àti 1784, ìyàn sì mú ní Íjíbítì. Volney, onírìn-àjò ará Faransé, kọ ọ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà níbẹ̀ ló kú tàbí tó sá lọ.

Lọ́dún 1788, Jón kọ ohun tó rí sílẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́: àwọ̀ iná, òórùn òjò, orúkọ oko tó run. Ó tún kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ó kú lọ́dún 1791. Ìwé rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òkè ayọnáyèéfín ṣì ń yẹ̀ wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí Laki ṣe. Lọ́dún 1974, wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí mímọ́ ní ìrántí rẹ̀ ní Kirkjubæjarklaustur.

Àwọn ará Iceland sọ àkókò náà lórúkọ: Móðuharðindin. Móða ni kùrukùru, harðindi ni ìnira. Kò sí iná nínú orúkọ náà, nítorí kì í ṣe iná ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí kún iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fa ìlà sí i lábẹ́, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó ń wá níbẹ̀. Àlàyé náà ni ẹ kà tán yìí.