HENRY VENN ÀTI ÌJỌ TÍ ŃBỌ́ ARA RẸ̀

Nínú àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ wọn fi ìdí Ìjọ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnìkan wà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yi rí. Henry Venn ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní Clapham, lẹ́bàá ìlú London, ní ọjọ́ 10 oṣù Fébrúárì, ọdún 1796. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ li ọdún 1799. Ó kàwé ní Cambridge, ó sì di àlùfáà. Li ọdún 1840 aya rẹ̀ kú, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Li ọdún tí ó tẹ̀lé e a fi í ṣe Akọ̀wé Ẹgbẹ́ nã. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yi títí di ọdún 1872, kò sì gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Nígbàtí ó dé ipò yi, gbèsè ti wọ Ẹgbẹ́ lọ́rùn. Owó tí a fi ńṣe iṣẹ́ ní òkè òkun kì iṣe owó ọba. Ọrẹ ni, tí àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńdá, àti olówó àti tálákà. Venn rí i pé bí ó bá jẹ́ pé láti London ni a ó ti máa san owó àlùfáà àti olùkọ́ gbogbo ìjọ títí lai, àpò kò ní tó. Ohun kan sì bà á lẹ́rù jù èyí lọ: ẹni tí a ńfi oúnjẹ sí lẹ́nu nígbà gbogbo kò ní mọ̀ pé òun ní ọwọ́. Nítorínã ni ó ṣe kọ́ni pé kí ìjọ máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Lójú rẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ tí a rán wá dàbí igi tí àwọn ọ̀mọ̀lé fi ńgun ilé; bí ilé bá parí, a ó tú u kúrò.

Ní Sierra Leone, a pín àwọn ọmọ ìjọ sí kíláàsì, olúkúlùkù sì ńmú owó kékeré wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí ó kéré lọ́wọ́ ẹnìkan di púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìà, tóbẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi ọ̀pọ̀ ìjọ ibẹ̀ lé àwọn àlùfáà ọmọ ilẹ̀ nã lọ́wọ́ li ọdún 1861.

Ṣùgbọ́n níbo ni tálákà yóò ti rí ohun tí yóò dá? Venn kò fi ìbéèrè yi sílẹ̀ láìdáhùn. Li ọdún 1845 òun àti àwọn ọ̀rẹ́ kan dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti fi owó ran iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò àwọn ọmọ Áfríkà lọ́wọ́. Nígbàtí ó gbọ́ pé òwú ńṣe dáadáa ní Abẹ́òkúta, ó tọ Thomas Clegg lọ, oníṣòwò kan ní Manchester. A fi ẹ̀rọ tí ńyọ hóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, a sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bí Henry Robbin ní iṣẹ́ nã ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí nwọ́n lè wá ṣe olórí rẹ̀. Kì iṣe oko òyìnbó ni Venn fẹ́, bíkòṣe kí àgbẹ̀ máa ro oko ara rẹ̀, kí ó máa ta òwú ara rẹ̀, kí òwò ẹrú lè parun, kí ìjọ sì rí owó. Ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ li ọdún 1860, dí ọ̀nà òwò nã lọ́wọ́ púpọ̀.

Nígbàtí àwọn òyìnbó kan ní Abẹ́òkúta kọ̀ kí ènìà dúdú jẹ Bíṣọ́pù, Venn kò yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Júnì, ọdún 1864, a fi Samuel Ajayi Crowther jẹ Bíṣọ́pù ní Canterbury. Li ọdún 1867 ni Ìfọ́lé dé: a fọ́ àwọn ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta, àwọn òyìnbó sì lọ. Síbẹ̀ ìjọ kò kú, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó dì í mú.

Venn sùn ní ọjọ́ 13 oṣù Jánúárì, ọdún 1873. Lẹ́hìn rẹ̀, àwọn mìíràn pa ọ̀nà rẹ̀ tì. Li ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dá àwọn kan nínú àwọn àlùfáà Crowther dúró lójú bàbá arúgbó nã. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́mbà, ọdún 1891, òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n li ọdún 1892 àwọn ìjọ Delta, pẹ̀lú Dandeson ọmọ Crowther, gba ẹrù ara wọn rù. Ohun tí Ẹgbẹ́ gbàgbé, àwọn tí Venn kọ́ kò gbàgbé rẹ̀.

Nítorínã, bí a bá ńdáwó fún àwọn ará wa ní òkè òkun, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ọ̀nà tí nwọn ó fi lè dúró láìsí wa. Bí a bá sì ńsan owó kíláàsì tiwa, ẹ má jẹ́ kí a kà á sí ohun kékeré. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.