Mechnikov àti ẹ̀gún róòsì tó tú àṣírí ọyún

Gbogbo ẹni tí ẹ̀gún bá ti gún lẹ́sẹ̀ rí ló mọ bó ṣe máa ń rí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, èèyàn lè má kà á sí. Tílẹ̀ bá máa fi mọ́, ojú ibẹ̀ á ti wú, á máa gbóná, á sì máa dunni. Bí wọn ò bá yọ ẹ̀gún ọ̀hún, ọyún á dé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èrò mi ni pé ìdọ̀tí lásán ni ọyún, pé àrùn náà gan-an nìyẹn, àti pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ má dá mi lẹ́bi o. Ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù náà ò mọ ohun tó ń wá síbẹ̀ wá ṣe. Ẹni tó là wọ́n lójú kì í sì í ṣe dókítà rárá.

Ilya Mechnikov lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1845 ni wọ́n bí i sí abúlé kan nítòsí ìlú Kharkiv, ní ilẹ̀ tó ti di Ukraine lónìí, àmọ́ tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ọ̀gá ṣọ́jà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ò lè jókòó jẹ́ẹ́, orí rẹ̀ sì pé: iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ọdún méjì ló fi parí ẹ̀. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun ló yàn láàyò, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Kó tó pé ọmọ ọdún 25, ó ti di olùkọ́ ní yunifásítì Odessa.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ayé yẹ ẹ́. Rárá o. Ní 1869, ó gbé Ludmila Feodorovitch níyàwó. Ikọ́ ife ti wọ obìnrin náà lára débi pé orí àga ni wọ́n gbé e sí wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, torí kò lágbára láti rìn. Ọdún mẹ́rin ni ọkọ rẹ̀ fi ń gbé e lọ síbi tí oòrùn ti ń mú, tó ń ṣiṣẹ́ lé iṣẹ́ kó lè rówó ìtọ́jú. Erékùṣù Madeira ni Ludmila kú sí ní 1873. Mechnikov gbé oògùn jẹ kó lè bá a lọ. Ara rẹ̀ kọ oògùn náà, ó bì í dànù.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló fẹ́ Olga. Nígbà tó di 1880, táífọ́ọ̀dù dá Olga wó. Ìyàwó yè é, àmọ́ ọkàn ọkọ ti rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ẹni tó ní irú ibà kan tó máa ń lọ tó sì máa ń padà wá. Ìṣirò rẹ̀ ni pé bí òun bá kú, ó kéré tán àwọn onímọ̀ á mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ lè gbé ibà náà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì. Àìsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kò sì pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yìí fẹ́ kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ara rẹ̀ ò gbà fún un. Ní tèmi o, mi ò lè ka ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà kí n má rántí ìyẹn.

Ní 1881, wọ́n pa ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì. Ìjọba fọwọ́ líle mú àwọn yunifásítì, òṣèlú gba inú ilé ìwé kan, Mechnikov sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1882. Òun, Olga àtàwọn àbúrò Olga kó lọ sí Messina, ìlú etíkun kan ní erékùṣù Sísílì, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Kò ní ilé ìwádìí kankan níbẹ̀. Pálọ̀ ló gbé máíkírósíkóòpù rẹ̀ sí, ìyẹn awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí.

Lọ́jọ́ kan tí ọdún ń parí lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ lọ wo eré sákọ́ọ̀sì níbi tí àwọn ìnàkí kan ti ń dárà. Òun nìkan ló dúró sílé. Ohun tó ń wò ni ọmọ ẹ̀dá òkun kan tó máa ń rí bí ìràwọ̀ tó bá dàgbà. Nígbà tó ṣì kéré, ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, èèyàn lè máa wo gbogbo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kàn án. Mechnikov ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í dúró sójú kan, wọ́n ń rìn kiri, wọ́n sì máa ń gbé nǹkan mì. Àfi bí èrò kan ṣe sọ sí i lọ́kàn lọ́jọ́ náà: bí ohun àjèjì bá wọlé síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn arìnkiri yìí ò ní lọ pàdé ẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ègé igi bá wọ èèyàn níka, tó sì gbọyún.

Kò lè jókòó mọ́. Ó rìn síwá sẹ́yìn nínú pálọ̀ títí, ó jáde lọ sétí òkun kó lè ráyè ronú. Nígbà tó padà, ó wọ ọgbà kékeré tó wà nílé wọn, níbi tí wọ́n ti ṣe igi tanjaríìnì kan lọ́ṣọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọmọ. Ó já ẹ̀gún róòsì mélòó kan níbẹ̀, ó sì kì wọ́n bọ abẹ́ awọ àwọn ẹ̀dá kékeré náà. Kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó sáré lọ wò wọ́n: àwọn sẹ́ẹ̀lì ti pé bo ẹ̀gún náà bí ìgbà tí àwọn ará àdúgbò bá ká olè mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibí ni ọgbọ́n wà. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà pé ọ̀rọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni kí ojú egbò wú: iṣan ló bàjẹ́, òun ló ń jò, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kàn ń bá omi jáde ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kékeré inú òkun yìí ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Àwa tí a kọ́ òfin mọ bí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí ẹ bá fẹ̀sùn kan èèyàn, tó wá hàn gbangba pé kò sí nílùú lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ò sí nílùú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ló fúnra wọn rìn lọ bá ẹ̀gún.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé Rudolf Virchow, ọ̀kan lára àwọn dókítà tó lórúkọ jù ní Jámánì, wà ní Messina. Ó wo iṣẹ́ náà, ó gbóríyìn fún un, àmọ́ ó kìlọ̀ fún un pé kó rọra ṣe. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ni pé inú sẹ́ẹ̀lì funfun ni kòkòrò àrùn ti ń rí ibi sá sí, tí sẹ́ẹ̀lì náà á sì máa gbé e kiri inú ara. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bá olè lọ́wọ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò, wọ́n ní ọdẹ ló ń mú olè rìn.

Ní Vienna, wọ́n bá a wá orúkọ kan láti inú èdè Gíríìkì, phagocyte, tó túmọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ajẹkòkòrò. Ní 1884, ó rí ẹ̀rí míì lára Daphnia, ẹ̀dá kékeré kan tó ń gbé inú omi adágún. Èbu kan wà tí irúgbìn rẹ̀ rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tó máa ń gún ìfun Daphnia lu. Níbi tí àwọn ajẹkòkòrò bá ti tètè dé, wọ́n á jẹ èbu náà run, Daphnia á yè. Níbi tí wọ́n bá ti pẹ́ dé, tàbí tí èbu ti pọ̀ jù wọ́n lọ, Daphnia á kú. Ogun gidi ni, wọ́n sì lè pàdánù nínú ẹ̀.

Wọn ò gbà fún un. Robert Koch, tó tú àṣírí kòkòrò ikọ́ ife ní ọdún 1882 kan náà, ò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nílé, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwádìí kan ní Odessa ní 1886, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ibẹ̀ dojú kọ ọ́ torí pé kì í ṣe ara wọn, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún àwọn àgùntàn sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn rẹ̀. Louis Pasteur ló gbà á sílé ní Paris ní 1888. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún 28, tí wọ́n ń pè é ní Élie.

Ọ̀rọ̀ wá di ẹjọ́ láàárín ìlú méjì. Ní Berlin, lọ́dún 1890, Emil von Behring àti Shibasaburo Kitasato fi hàn pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí tẹ́tánọ́ọ̀sì ò lè ràn mọ́ lè dáàbò bo ẹranko míì, láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú omi náà. Ní 1894, Richard Pfeiffer ní òun rí i tí kòkòrò onígbáméjì yọ́ dànù nínú omi ara, tí sẹ́ẹ̀lì ò gbé e mì. Jámánì ń ṣe agbẹjọ́rò fún omi ẹ̀jẹ̀, Paris ń ṣe agbẹjọ́rò fún ajẹkòkòrò, ẹ sì rántí pé kò tíì pẹ́ tí Jámánì àti Faransé jagun ní 1870. Mechnikov ò fi ibì kankan sílẹ̀. Gbogbo ìwádìí tí wọ́n bá fi ta kò ó, á lọ tún un ṣe. Ó tiẹ̀ gbé kòkòrò onígbáméjì mu nítorí ìwádìí. Kò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ ẹlòmíì tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti mu ún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ìyẹn ò dáa, ibi tó bá ti ṣàṣejù, mi ò ní gbè é.

Nígbà tó di 1903, Almroth Wright àti Stewart Douglas ní Lọ́ńdọ̀nù rí ohun tó yẹ kí wọ́n ti fi parí ìjà. Omi ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn lára, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kó rọrùn fún ajẹkòkòrò láti gbé e mì, bí ìgbà tí wọ́n bá da ọbẹ̀ sórí iyán. Ní 1908, ìgbìmọ̀ Nobel pín àmì-ẹ̀yẹ wọn sí méjì: ìdajì fún Mechnikov, ìdajì fún Paul Ehrlich tó ń gbè fún omi ẹ̀jẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìdájọ́ yẹn, torí àwọn méjèèjì ló jàre.

Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, àwọn ajẹkòkòrò ńlá kan ti wà nínú ẹran ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé. Àwọn ló ń fọn fèrè. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń gbóná tó sì ń wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kéékèèké á sì ya jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n á jẹ kòkòrò, wọ́n á kú síbẹ̀. Òkú wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ọyún. Àwọn míì á já díẹ̀ lára kòkòrò náà, wọ́n á gbé e lọ sí kókó tó máa ń wú sí abẹ́ itan tàbí abíyá wa, kí wọ́n lè fi han àwọn sẹ́ẹ̀lì míì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn yẹn á pèsè áńtíbọ́dì, èyí tí àwọn ará Berlin ń jà fún, díẹ̀ nínú wọn á sì máa rántí kòkòrò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìrántí yẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa gbára lé.

Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tó mọ̀wé ju ajẹkòkòrò lọ. Ajẹkòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró á gbé e mì bó ṣe ń gbé àwọn yòókù mì, kòkòrò yẹn ò ní kú. Inú ẹni tó jẹ ẹ́ ló máa ń fi ṣelé, tó máa ń bí sí níbẹ̀, títí ara á fi fi àwọn sẹ́ẹ̀lì míì mọ odi yí i ká. Ó lè wà lẹ́yìn odi yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dìgbà tí àìjẹunrekánú tàbí HIV bá sọ àwọn aṣọ́de di aláìlágbára. Kòkòrò ikọ́ ife ni. Òun ló pa Ludmila. Sẹ́ẹ̀lì tí Mechnikov fi gbogbo ayé rẹ̀ gbèjà ni kòkòrò tó gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ̀ ń gbé inú ẹ̀. Lónìí, oògùn oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń wò ó sàn, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìtọ́jú ìjọba ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ àwọn kan ń jẹ ẹ́ fún oṣù méjì péré, ikọ́ dáwọ́ dúró, wọ́n bá jù ú nù.

Nígbà tí Mechnikov ń dàgbà, ọ̀rọ̀ ogbó gbà á lọ́kàn. Ó ní àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá ló ń fi májèlé mú wa darúgbó, pé wàrà kíkan bí irú èyí tí àwọn ará Bulgaria ń mu lè lé wọn. Ó ń mu ún lójoojúmọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ níbí ò dà bí ti ẹ̀gún róòsì rárá, ìtàn àwọn arúgbó Bulgaria ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti tóbi, àwọn oníṣòwò sì fi orúkọ náà polówó wàrà wọn kiri Yúróòpù. Kẹ́ ẹ sì wò ó o, àwọn onímọ̀ òde òní ti padà sídìí àwọn kòkòrò inú ìfun, wọ́n ní iṣẹ́ wọn nínú ara ò kéré.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ivan, tó ṣiṣẹ́ ilé ẹjọ́ ní ìlú Tula, ni wọ́n gbà pé Tolstoy wò nígbà tó kọ ìtàn ikú Ivan Ilyich. Mechnikov lọ kí Tolstoy nílé ní 1909. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ sójú ogun, ilé ìwádìí dá. Ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, òun fúnra ẹ̀ sì ń kọ bó ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Ó bẹ dókítà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé tí òun bá kú, kó la òun, kó yẹ ìfun òun wò dáadáa. Ó kú ní July 15, 1916, lẹ́ni ọdún 71. Ìkòkò eérú rẹ̀ wà nínú ilé ìkàwé Pasteur Institute ní Paris, láàárín àwọn ìwé.