Lev Vygotsky: Ẹni tí Ó Wádìí Bí Ọmọ Ṣe Ń To Ayé sí Ìsọ̀rí

Ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ kékeré tọ́ rí yóò ti ṣe àkíyèsí ohun kan. Ọmọ á kọ́ láti pe ajá ní ajá. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, á rí ewúrẹ́, á ní ajá ni. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá kan tí ó ní irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ á wọlé, ọmọ á tún nawọ́ sí i pé ajá ni. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tọ́, ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́rìn-ín tán, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè: kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ní ti ọmọ yìí, tí kò sí nínú rẹ̀ ní tiwa? Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó fi ọdún mẹ́wàá péré, pẹ̀lú àìsàn lára, wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ láàrin wa mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ìdánwò. Ìgbésí ayé rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1896 ni wọ́n bí Lev Semyonovich Vygotsky ní ìlú Orsha, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Belarus lónìí, ṣùgbọ́n tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ìlú Gomel ni ó ti dàgbà. Òun ni ọmọ kejì nínú àwọn mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ìyá rẹ̀ sì kọ́ṣẹ́ olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ títọ́ ni ó gba àkókò rẹ̀. Júù ni wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ní ayé ìgbà náà, ibi tí Júù lè gbé ní ààlà, iye àwọn ọmọ Júù tí ó sì lè wọ Yunifásítì Moscow kò gbọdọ̀ ju 3 lọ nínú 100. Ní ọdún 1913, Vygotsky parí ilé-ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ oníwúrà, èyí tí ó yẹ kí ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ọdún náà gan-an ni ìjọba yí òfin padà: wọn kò ní fi máàkì yan àwọn Júù mọ́, kèké ni wọn yóò ṣẹ́. Bí ẹni tí ó gba wúrà àti ẹni tí ó fi ẹnu họ ilẹ̀ yege ṣe di ọ̀kan náà nìyẹn. Orí bá a ṣe é, kèké mú un. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí wọ́n ti kó sí ìsọ̀rí báyìí nígbà èwe rẹ̀, tí wọn kò wo ohun tí ó wà lórí rẹ̀, ìbéèrè nípa ìsọ̀rí kò lè jẹ́ eré lójú rẹ̀.

Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ wọlé fún, ó sì tètè yí i sí ìmọ̀ òfin. Ó tún ń lọ sí yunifásítì mìíràn ní Moscow náà, ti Shanyavsky, níbi tí ó ti ń kọ́ ìtàn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n. Eré onítàn ni ó fẹ́ràn jù. Eré Hamlet ti Shakespeare ni ó kọ iṣẹ́ gígùn lé lórí. Ní 1917 ó padà sí Gomel, ó sì ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀ fún bí ọdún méje. Ibẹ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú un. Kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí tí ó fi kú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1924, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ọpọlọ ẹ̀dá ṣe àpérò ní Petrograd. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kan tí ó ti ìgbèríko wá dìde, ó sọ̀rọ̀ láìkọsẹ̀ pé ìmọ̀ tí ó bá fojú fo èrò inú ènìyàn, tí ó ń ka ìṣísẹ̀ ara nìkan, kò tíì mọ ènìyàn. Alexander Luria wà níbẹ̀. Ó ròyìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìwé kan wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà tí ó ń wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òun sì wo ìwé náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti pè é wá sí ilé ìwádìí tí ó wà ní Moscow.

N ò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún méjì tí ó tẹ̀ lé e. Ó gbéyàwó, ó rin ìrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1925 nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn odi, ikọ́ sì dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní oyè ìmọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dúró níwájú àwọn olùdánwò.

Iṣẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Leonid Sakharov. Ọ̀nà ìwádìí kan tí Narziss Ach, ará Jámánì, ti lò ni wọ́n tún ṣe. Nígbà tí Sakharov kú ní 1928, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Kotelova àti Pashkovskaya, ni ó bá a parí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun èlò náà dáadáa. Ègé igi 22 ni. Àwọ̀ wọn jẹ́ oríṣi 5, ìrísí wọn jẹ́ oríṣi 6: èyí rí roboto, èyí ní igun mẹ́ta, òmíràn ní igun mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ga, àwọn kan kúrú; ìdí àwọn kan fẹ̀, ti àwọn mìíràn kò fẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: lag, bik, mur tàbí cev. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìtumọ̀ kankan létí ọmọ. Lag ni èyí tí ó ga tí ó sì fẹ̀. Bik fẹ̀, kò ga. Mur ga, kò fẹ̀. Cev kò ga, kò sì fẹ̀. Àwọ̀ àti ìrísí kàn wà níbẹ̀ láti tan ojú jẹ ni.

Olùwádìí á dojú ègé kan dé, á fi orúkọ abẹ́ rẹ̀ han ọmọ, á ní kí ó ṣa gbogbo àwọn tí ó bá rò pé wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà jọ. Bí ọmọ bá ṣà wọ́n tán, á dojú ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣì mú dé, kí ọmọ rí i pé orúkọ ibẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á ni wọ́n ń wò. Ìdí tí ó fi mú èyí tí ó mú ni wọ́n ń tọ̀. Àwọn tí wọ́n dán wò lé ní 300, lọ́mọdé lágbà.

Àwọn ọmọ kéékèèké kàn ń kó igi jọ ni, èyí tí ojú wọn bá ṣáà ti bà. Òkìtì ni Vygotsky pe èyí. Àwọn tí ó jù wọ́n lọ díẹ̀ ní ìdí, ṣùgbọ́n ìdí náà ń yí padà lójú ọ̀nà. Ọmọ á fi pupa tẹ̀lé pupa. Bí pupa tí ó mú gbẹ̀yìn bá ní igun mẹ́ta, á gbàgbé àwọ̀, á máa ṣa onígun mẹ́ta kiri. Ẹ̀wọ̀n ni: ìkíní mọ ìkejì, ìkejì mọ ìkẹta, ìkíní kò mọ ìkẹta rí. Bí ajá ṣe di ewúrẹ́ nìyẹn, tí irùngbọ̀n sì fa bàbá onílé wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun àrà ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan á ṣa gbogbo onígun mẹ́ta jọ láìku ọ̀kan, bí àgbàlagbà yóò ti ṣe é gẹ́lẹ́. Ènìyàn á ní ó ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá wádìí rẹ̀ wò, ojú ni ó fi so wọ́n pọ̀. Kò sí òfin kan ní ọkàn rẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lé. Òye àfarawé ni. Ojúlówó òye, èyí tí ènìyàn fi ń yọ gíga àti fífẹ̀ kúrò lára àwọ̀ àti ìrísí, kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọmọ yóò fi máa bàlágà.

Ibí yìí ni mo gbà pé ọkùnrin náà ti ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Ọmọ kì í dá ìsọ̀rí tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wá orúkọ fún un. Orúkọ ni ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ àgbà. Ó ń lo ọ̀rọ̀ wa, ó ń nawọ́ sí ohun kan náà tí a ń nawọ́ sí, àwa àti òun sì ń gbọ́ ara wa yé, láìmọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ayé nínú orí rẹ̀. Ìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ni àkàbà tí ó ń gùn. Ọ̀rọ̀ ṣáájú, òye ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ènìyàn tí ó yí ọmọ ká ni ó sì ń mú un rìn láti ti àkọ́kọ́ dé ti èkejì.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó ti wí nípa àgbàlagbà tí kò rí ilé-ìwé wọ̀? Ní 1931 àti 1932, Luria kó àwọn olùwádìí lọ sí Uzbekistan ní àárín gbùngbùn Éṣíà. Ara Vygotsky kò lè gbé irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti Luria ni ó jọ gbèrò rẹ̀. Wọ́n fi àwòrán òòlù, ayùn, àáké àti ìtì igi han àwọn àgbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n yọ èyí tí kò bá àwọn yòókù dọ́gba. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀. Bí ẹ bá yọ igi kúrò, kí ni ayùn yóò gé, kí ni àáké yóò là? Àwọn tí ó ti lọ sí ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀ kò bá wọn jiyàn púpọ̀: irin iṣẹ́ mẹ́ta, igi kan, ó parí.

Vygotsky àti Luria rí i bí àtẹ̀gùn, tí ìsọ̀rí ti ilé-ìwé wà lókè rẹ̀. Níhìn-ín ni èmi kò ti bá wọn lọ tán. Ẹ wo ohun tí à ń pè ní èlò ọbẹ̀. Orí igi ni epo ti wá, ilẹ̀ tàbí omi òkun ni iyọ̀ ti wá, ata jẹ́ èso, ẹja jẹ́ ẹran odò. Ìkòkò kan ṣoṣo ni ó sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ta ni yóò sọ pé ìyá tí ó tò wọ́n sójú kan ní ọjà kò ní òye? Ní ilẹ̀ Liberia lẹ́yìn náà, àwọn ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Glick nínú wọn, fún àgbẹ̀ Kpelle ní irú iṣẹ́ báyìí. Àgbẹ̀ fi ọ̀bẹ ti ọsàn, nítorí pé ọ̀bẹ ni ó ń gé e, ó sì ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bi í bí òmùgọ̀ yóò ti ṣe é, ó to oúnjẹ sí ọ̀tọ̀, ó to irin iṣẹ́ sí ọ̀tọ̀, bí ìwé ti wí. Ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀! Kí n má purọ́ mọ́ òkú, Vygotsky fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé àgbàlagbà tí ó kàwé náà kì í fi ojúlówó òye ronú ní gbogbo ìgbà.

Ìjọba kò fi ojú ìmọ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ̀sùn kan Luria àti Vygotsky pé wọ́n tàbùkù àwọn ẹ̀yà kékeré tí ìjọba tuntun sọ pé òun ń gbé sókè. Púpọ̀ nínú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lọ sí Kharkov. Òun ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin Moscow, Leningrad àti Kharkov. Ó ń kọ́ni, ó ń kọ̀wé, ó tún forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìṣègùn. Ní 1934, ìwé rẹ̀ lórí ìrònú àti ọ̀rọ̀ sísọ kò tíì parí nígbà tí ikọ́ tún gbé e dè. Wọ́n ń kọ orí tí ó kẹ́yìn bí ó ti ń pè é sílẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún náà ni ó kú ní Moscow, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀.

Ìwé náà jáde ní òpin ọdún kan náà. Ní oṣù keje ọdún 1936, ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ṣe òfin tako pedology, ìwádìí nípa ọmọdé tí Vygotsky wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, àwọn ìwé rẹ̀ sì kúrò nílẹ̀. Ogún ọdún kọjá kí wọ́n tó tún un tẹ̀ ní 1956. Ní 1962 ó dé ọwọ́ àwọn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gé púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ní ti àwọn àgbẹ̀ Uzbekistan àti ìtì igi wọn, ọdún 1974 ni Luria tó rí ààyè tẹ odidi ìwé nípa wọn jáde. Vygotsky ti lo ogójì ọdún nínú ilẹ̀ nígbà náà.