Santos-Dumont: Ọmọ olóko kọfí tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ já, tó tún un kọ́ láàárín ọjọ́ 22

Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, ọdún 1901, àwọn ará ìlú Paris lórílẹ̀-èdè Faransé rí ohun tí ojú wọn kò rí rí. Ọkùnrin kúkúrú kan, tó tín-ín-rín, tó wọ aṣọ bí ẹni ń lọ síbi ìnáwó, ló há sára ògiri ilé gíga kan. Àpò gáàsì tó gbé e fò ti fàya yánnayànna lórí òrùlé, igi tí wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ sì dábùú láàárín ilé méjì bí afárá. Àwọn panápaná ló ju okùn sí i tí wọ́n fi fà á gòkè. Kò fara pa. Ohun tó sì ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ mìíràn.

Orúkọ rẹ̀ ni Alberto Santos-Dumont, ọmọ orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Ogúnjọ́, oṣù keje, ọdún 1873 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Henrique Dumont, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹnjiníà tó tún di àgbẹ̀ ńlá. Nígbà tí Alberto wà lọ́mọdé, ẹbí náà kó lọ sí agbègbè Ribeirão Preto ní ìpínlẹ̀ São Paulo, níbi tí bàbá rẹ̀ ti gbin kọfí lọ bíi rẹrẹ. Oko náà tóbi débi pé ó ní ojú irin tirẹ̀, tí rélùwéè ń kó kọfí láti inú oko wá síbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Kì í ṣe eré ọmọdé ni ọmọ yìí ń ṣe lóko. Ìdí ẹ̀rọ ló máa ń wà. Kò tíì dàgbà tí wọ́n fi ń jẹ́ kó wa ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ló sì wa rélùwéè inú oko. Ó ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe kọfí, ajọ̀ tí ń mì lọ, tí ń mì bọ̀, ló máa ń bàjẹ́ jù, ṣùgbọ́n èyí tí ń yí po máa ń pẹ́. Ẹ̀kọ́ oko yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ayé.

Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ ní ìjàǹbá tó sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Ó ta oko náà, ó sì kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Faransé láti wá ìwòsàn. Kí ọlọ́jọ́ tó dé ní ọdún 1892, ó ti fún ọmọ rẹ̀ ní ìpín ogún tirẹ̀, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ní Paris. Owó tó bọ́ sọ́wọ́ Santos-Dumont yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ná an lé lórí.

Lákòókò yẹn, àwọn ènìyàn ti ń fi àpò gáàsì ńlá gòkè lọ sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ibi tí atẹ́gùn bá gbé wọn lọ ni wọ́n ń lọ. Santos-Dumont fẹ́ ọkọ̀ tí ènìyàn lè darí síbi tó bá wù ú. Ní ọdún 1898, ó so ẹ́ńjìnnì kékeré tó rí lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń lo bẹntiróòlù mọ́ abẹ́ àpò gáàsì tó gùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Gáàsì háídírójìn ló wà nínú àpò náà, gáàsì tí iná kékeré lè mú gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù sì rèé, inú iná ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Ta ni yóò gbé ẹ̀tù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí yóò tún jókòó tì í? Ṣùgbọ́n Santos-Dumont ti rò ó dáadáa. Ó yí ojú páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì sísàlẹ̀ kí ìtàpárá iná má baà fò lọ sókè, ó sì fi okùn gígùn sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ jìnnà sí àpò gáàsì. Nígbà tó fò lọ́dún náà, kì í ṣe iná ló fẹ́ pa á. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, àpò gáàsì náà rọ, ó sì ṣẹ́ po láàárín, ọkọ̀ ń já bọ̀. Ó ké sí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nílẹ̀ pé kí wọ́n di okùn tó ń wọ́ tuurutu lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ mú, kí wọ́n máa sáré kọjú sí atẹ́gùn. Ohun tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là nìyẹn.

Ní ọdún 1900, olówó kan tó ń fọ epo rọ̀bì, Henry Deutsch de la Meurthe, gbé ẹ̀bùn 100,000 owó franc kalẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní Saint-Cloud, tó fò yí ilé gogoro Eiffel po, tó sì padà síbi tó ti gbéra láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò gbà á. Ní oṣù keje, ọdún 1901, Santos-Dumont gbìyànjú pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ karùn-ún. Àkókò kọjá lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, ó sì há sórí igi nínú ọgbà olówó kan.

Ẹni tó fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i lórí igi náà jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá mọ̀. Isabel ni, ọmọ ọba Bùràsíìlì tí wọ́n ti lé kúrò nílùú. Òun ló fọwọ́ sí òfin ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún, ọdún 1888 tó fòpin sí fífi ènìyàn ṣe ẹrú ní ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá lọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô.

Ìgbìyànjú tó tẹ̀ lé e ló parí sórí òrùlé ní oṣù kẹjọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Sípíríìnì ọ̀kan nínú àwọn fáàfù tí ń tú gáàsì ti rọ, gáàsì sì ń jò jáde. Santos-Dumont fúnra rẹ̀ mọ̀ kó tó dé ilé gogoro náà pé gáàsì ń dínkù. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ì bá sọ̀ kalẹ̀ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìdíje ni, ojú ayé sì ń wò ó. Ó tẹ̀ síwájú. Nígbà tí àpò náà rọ, àwọn wáyà tó gbé ọkọ̀ dúró bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ abẹ̀bẹ̀ tí ń ti ọkọ̀ lọ, èyí tó lè gé wọn. Ó di dandan kó pa ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn sì gbá a lu ilé ìtura Trocadéro. Kì í ṣe ọgbọ́n ló tán, sùúrù ló kù díẹ̀ káàtó.

Ọjọ́ 22 péré ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi kọ́ ọkọ̀ kẹfà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 33. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1901, ó gbéra. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi dé ilé gogoro Eiffel, ó sì yí i po. Bó ti ń padà bọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́fẹ, ó fẹ́ kú. Ó ní láti fi ìdarí ọkọ̀ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó lọ tún kábúrétọ̀ tí ń po epo mọ́ atẹ́gùn àti iná púlọ́ọ̀gì ṣe lójú òfurufú. Ẹ́ńjìnnì gbà, ó sì dé kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan sí i kí wọ́n tó di okùn ọkọ̀ rẹ̀ mú nílẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá, wọ́n fún un lẹ́bùn náà. Kò fi kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ sápò. Ó pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tálákà Paris, títí kan àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti fi irinṣẹ́ wọn dógò.

Síbẹ̀, iná tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù fi ara hàn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó ń lo ọkọ̀ rẹ̀ kẹsàn-án, iná ta padà láti inú ẹ́ńjìnnì, ó sì mú epo ibi kábúrétọ̀. Santos-Dumont kò sá. Ó ṣí fìlà Panama tó wà lórí rẹ̀, ó sì fi pa iná náà kó tó ràn.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1906, ó fo mítà 60 ní Bagatelle nínú ọkọ̀ oníyẹ̀ẹ́ tí kò ní àpò gáàsì rárá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn arákùnrin Wright ti fò ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1903, ṣùgbọ́n títí dòní, òun ni àwọn ará Bùràsíìlì ń pè ní bàbá ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn náà ló ṣe Demoiselle, ọkọ̀ kékeré tó fi ọparun àti aṣọ ṣẹ́dà ṣe, tí ìyẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ tó mítà mẹ́fà. Kò gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi àwòrán bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ síta lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1910, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọwọ́ iṣẹ́ lè kọ́ tirẹ̀ nílé.

Ọdún náà ni àìsàn mú kó fi fífò sílẹ̀. Ìbànújẹ́ ló sì kù fún un. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó mú ènìyàn súnmọ́ ara wọn di ohun ìjà nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ní ọdún 1926, ó bẹ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pé kí wọ́n fòfin de lílo ọkọ̀ òfurufú lójú ogun. Wọn kò gbọ́. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1928, bó ti ń wọ Rio de Janeiro, ọkọ̀ òfurufú tó wá pàdé rẹ̀ láti kí i káàbọ̀ já sínú omi, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù keje, ọdún 1932, nígbà tí ìjà abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní São Paulo, Santos-Dumont fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Guarujá. Ọjọ́ kẹta rèé tó pé ọmọ ọdún 59. Ìlú tí wọ́n ti bí i ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni pápákọ̀ òfurufú kan tó wà ní àárín gbùngbùn Rio.

Ọkùnrin tó gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì fún ọdún púpọ̀, iná kọ́ ló pa á. Ó bẹ̀rù iná tó bó ti yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀, ó sì ṣọ́ ọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó rí i pé nǹkan ń jò, tí kò dúró yẹ̀ ẹ́ wò, ni wọ́n fi okùn fà á kúrò lára ògiri.