Adolph Murie

Adolph Murie (ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1899 – ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1974) jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ nípa ìkookò nínú igbó tí wọ́n ń gbé gan-an.

Ìlú Moorhead ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni wọ́n bí i sí. Iyèkan rẹ̀, Olaus Murie, fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, òun ló sì mú un lọ sí Alaska ní ọdún 1922 láti ṣe ìwádìí nípa àgbọ̀nrín káríbù. Lẹ́yìn náà Adolph padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan ní ọdún 1929. Ní ọdún 1934 ó di òṣìṣẹ́ àjọ tí ń bójú tó àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀.

Láyé ìgbà náà, pípa ni wọ́n ń pa ẹranko ajẹran, kódà nínú ọgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ẹranko. Ní Yellowstone, Murie tú ìgbẹ́ coyote tó lé ní 5,000 wò. Eku ìgbẹ́ àti àwọn ẹranko kéékèèké ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran àgbọ̀nrín ńlá tí coyote ń jẹ ló jẹ́ òkúǹbete. Àbájáde yìí, tó jáde ní ọdún 1940, kò dùn mọ́ àwọn ọ̀gá kan nínú.

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939 ní ọgbà Òkè McKinley ní Alaska, tí à ń pè ní Denali lónìí. Àgùntàn funfun orí òkè ti dín kù gidigidi níbẹ̀, àwọn ọdẹ sì ń pariwo pé kí wọ́n pa ìkookò run. Ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan, nǹkan bíi máìlì 1,700 ni Murie fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ṣa agbárí àgùntàn 829 jọ, ó sì ń ka òrùka ara ìwo wọn láti mọ ọjọ́ orí tí ẹranko náà fi kú. Agbárí ògbólógbòó, ti aláìsàn àti ti ọmọdé ló pọ̀ jù. Èyí tó wà ní ipò agbára kò tó nǹkan. Ó tún rí i pé yìnyín tó jinlẹ̀ kọjá àlà ní àwọn ọdún kan ṣáájú ló ṣe jàǹbá fún àgùntàn jù.

Ó máa ń jókòó lórí òkè kan lọ́sàn-án lóru, tí yóò máa wo ihò ìkookò kan létí odò East Fork. Ó mọ ìkookò kọ̀ọ̀kan ní ojú. Ó rí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn kí wọ́n tó lọ sọ́dẹ, àti bí abo mìíràn ṣe ń bá ìyá ọmọ tọ́jú àwọn ọmọ nígbà tí ìyá bá jáde. Ó mú ọmọ ìkookò kan níbẹ̀, ó sì tọ́ ọ dàgbà nílé; Wags ni wọ́n sọ ọ́. Ìwé tó kọ lórí ìwádìí yìí, The Wolves of Mount McKinley, jáde ní ọdún 1944.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí àgùntàn tún dín kù, tí àwọn kan sì ń wá òfin tí yóò fipá mú ọgbà náà láti pa ìkookò, Murie fúnra rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n pa ìwọ̀nba díẹ̀. Àbá náà ṣòro láti bá ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ tí ó fara mọ́ kò tó ohun tí àwọn alátakò ń béèrè rárá.

Ìwé rẹ̀ A Naturalist in Alaska jáde ní ọdún 1961, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ John Burroughs. Ní ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀, ó tako ètò láti fẹ ọ̀nà inú ọgbà McKinley kí wọ́n sì da ọ̀dà sí i. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà nìkan ni ọ̀dà dé. Erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ìyókù di òní. Ní ìlú Moose, ìpínlẹ̀ Wyoming, ló kú sí. Ìwé rẹ̀ nípa béárì grizzly kò jáde títí di ọdún 1981.