Ìtàn Ìgbésí Ayé Mary McLeod Bethune

Ní oṣù keje ọdún 1875 ni a bí Mary McLeod, nítòsí Mayesville ní South Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni ọmọ kẹẹ̀ẹ́dógún nínú ọmọ 17. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti jẹ́ rí, nínú oko òwú ni òun náà sì dàgbà, kí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n tó gbà á.

Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni láti wá ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Áfíríkà, nítorí náà ni ó ṣe lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ti Dwight Moody ní Chicago ní 1894. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ míṣọ̀n ìjọ Presbyterian dá a lóhùn pé kò sí àyè fún míṣọ́nnárì aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Ìdáhùn yìí yóò ya ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́nu. Ó dùn ún púpọ̀púpọ̀. Síbẹ̀ ó padà sí Gúúsù, ó sì di olùkọ́.

Ní 1904, dọ́là kan àti ààbọ̀ péré ni ó ní lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní Daytona, ní Florida, fún ọmọbìnrin 5 àti ọmọkùnrin tirẹ̀. Igi tí iná ti jó di èédú ni wọ́n fi ń kọ̀wé.

Nígbà tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ ìbò ní 1920, ó ń wá owó orí ìdìbò kiri fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní alẹ́, kí a má baà lé wọn padà. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìbò, àwọn ẹgbẹ́ Ku Klux Klan wọ aṣọ funfun wọn wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà láti dẹ́rù bà á. Kò sá. Wọ́n padà lọ láì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ dìbò.

A kò dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rí. Ṣùgbọ́n ní 1936, ní ìgbà tí iṣẹ́ wọ́n, ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt fi í ṣe olórí ẹ̀ka tí ń wá iṣẹ́ àti owó ìwé fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú. Kò sí obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ti di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú rí nínú ìjọba àpapọ̀. Ilé rẹ̀ ní Washington ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú ń péjọ sí, kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan. Nítorí pé Eleanor, aya Ààrẹ, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ọ̀rọ̀ wọn a máa dé ibi tí ó yẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ni ó rí owó ìwé gbà. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ lòdì sí pípa ènìyàn láìsí ìdájọ́, èyí tí wọ́n ń béèrè, kò jáde títí di 2022.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1952, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 76, Ààrẹ Truman rán an lọ sí Monrovia láti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà níbi tí a ti ń fi Ààrẹ Tubman ti Liberia jẹ oyè lẹ́ẹ̀kejì. Báyìí ni ó ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 57 lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ nì ti kọ̀ ọ́.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1955, a sì sin ín sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Daytona. Ní 2022, Florida gbé ère rẹ̀ sínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, ní ipò ère ọ̀gágun kan tí ó ti jà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ń kó ẹrú.